Ẹnìkejì Tí N Kò Yàn: Ìrírí Mi Gẹ́gẹ́ bí Míṣọ́nnárì ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ pé mo ti ṣe míṣọ́nnárì rí ní ilẹ̀ òkèèrè, iye ẹni tí mo mú wọ inú ìjọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ìwàásù ni wọ́n torí rẹ̀ rán wa lọ. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá rántí àkókò náà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí a jọ gbé yàrá kan náà ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn, àwọn tí n kò mọ̀ rí, tí àwọn náà kò mọ̀ mí rí, kí wọ́n tó so wá pọ̀ ní méjì méjì gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì ara wa.

Nínú Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, níbi tí mo ti sìn, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn míṣọ́nnárì. Ọmọkùnrin lè bẹ̀rẹ̀ bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18, ọdún 2 ni yóò sì lò. Ní ìgbà tiwa, obìnrin ní láti pé ọmọ ọdún 19, oṣù 18 sì ni tirẹ̀. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Owó tí ènìyàn ti tọ́jú sílẹ̀, àti èyí tí ẹbí tàbí àwọn ará ìjọ bá fi ràn án lọ́wọ́, ni a fi ń ṣe é. Kò sì sí ẹni tí ń yan ibi tí òun yóò lọ: ìwé ìpè ni yóò dé láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ Ìjọ, inú rẹ̀ ni ènìyàn yóò ti ka orúkọ ibi tí a rán an lọ àti èdè tí yóò fi wàásù. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ló kàn, irú èyí tó wà ní Gánà àti èyí tó tóbi jù lọ, tó wà ní Provo ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni a ń lò níbẹ̀, ó sì kéré jọjọ, lójú tèmi, fún ẹni tí yóò kọ́ èdè tuntun.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a ń jí. A ó gbàdúrà, a ó na ara díẹ̀, a ó wẹ̀, a ó jẹun, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́: èyí tí oníkálukú ń dá ṣe lórí Bíbélì àti Ìwé ti Mọ́mọ́nì tí ó jẹ́ ìwé mímọ́ mìíràn nínú ìjọ wa, èyí tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe nítorí àwọn tí a fẹ́ lọ bẹ̀ wò, àti ti èdè. A ó wá jáde títí di alẹ́, nígbà tí ó bá sì di aago mẹ́wàá ààbọ̀, oorun ti yá. Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí a fi ń fọṣọ, tí a fi ń ra ohun tí a ó jẹ, tí a sì fi ń kọ lẹ́tà sílé. A kì í wo fíìmù, a kì í sì bá ọkùnrin fẹ́ra ní gbogbo àkókò náà. Àwọn tí ó bá gbọ́ èyí máa ń káàánú wa, ṣùgbọ́n àwọn ohun tí wọ́n ní kí a yàgò fún kọ́ ni ó nira fún mi.

Ohun tí ó nira ni òfin pé ẹnìkejì méjì kò gbọdọ̀ pínyà. Yàtọ̀ sí balùwẹ̀, ibi tí ojú rẹ dé ni ẹnìkejì rẹ gbọ́dọ̀ wà. Mo ti bá ẹni tí kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni ṣáájú oúnjẹ òwúrọ̀ gbé, bẹ́ẹ̀ orin ni èmi fi ń jí. Mo ti bá ẹni tí yóò ní kí a tún kan ilẹ̀kùn kan sí i nígbà tí ẹsẹ̀ mi ti wú gbé. Ahọ́n àti eyín ń jà, gbogbo wa ni a mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀ pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jà. Àwa ń kúnlẹ̀. Bí ó bá kàn ọ́ láti gbàdúrà sókè, o ó gbà á, ẹni tí ẹ jọ ń bínú sí ara yín yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, yóò máa retí ìgbà tí òun yóò ṣe àmín. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo dákẹ́ pẹ́ kí n tó rí ohun sọ fún Ọlọ́run, nítorí n kò lè máa bẹ̀bẹ̀ fún àwọn àjèjì tí a pàdé lójú títì, kí n sì yọ orúkọ ẹni tí ó wà nítòsí mi sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti ṣètò iṣẹ́ tó ń bọ̀, a ní láti sọ fún ara wa ohun tí ó ń lọ dáadáa láàárín wa àti èyí tí kò lọ dáadáa. Ẹni tí ó ronú kan ìlànà yìí mọ ènìyàn dáadáa. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù sì ni ọjọ́ ààwẹ̀ ìjọ wa, tí a ó fo oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, tí owó oúnjẹ náà yóò sì lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní. Ẹnìkejì mi kan sọ fún mi lójúkojú pé èmi ni òun ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀ lóṣù náà. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bínú. A jọ rẹ́rìn-ín nígbà tó yá.

Ní ti ojú pópó, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn kì í ṣí, a sì máa ń ti àwọn mìíràn padà kí a tó kí onílé tán. Èyí kì í dùn mí tó àwọn tí a ti kọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n wá fi ìtìjú sọ pé kí a má wá mọ́. Èdè wọn náà kò tètè yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan tí n kò retí wà nínú rẹ̀: ní èdè abínibí mi, mo lè ki Ọlọ́run títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìronú rárá, ṣùgbọ́n ní èdè tuntun, ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ nìkan ni mo ní ọ̀rọ̀ fún, kò sì sí èyí tí ó jáde lẹ́nu mi tí n kò rò.

Láti oṣù kejì ọdún 2019 ni ìjọ ti gbà kí míṣọ́nnárì máa pe ilé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Kérésìmesì àti Ọjọ́ Ìyá nìkan ni wọ́n ń pè, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbọ́ ti ara wọn ní ìyókù ọdún. Àwọn tí ó sìn ṣáájú wa máa ń sọ pé wọ́n ti kẹ́ wa jù. Èmi kò gbà. Ó rọrùn láti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àlàáfíà ni mo wà, kò rọrùn kí ìyá ẹni máa wo ojú ẹni lórí fóònù, kí ó ní, "Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?" kí ènìyàn sì tún dáhùn pé, "Kò sí nǹkan kan, mà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣe ìyípadà. Ààrẹ míṣọ̀n, ẹni tí ń darí àwọn míṣọ́nnárì ní agbègbè náà, lè ní kí o dúró, ó sì lè ní kí o lọ bá ẹnìkejì mìíràn ní ìlú mìíràn, kí o sì fi ẹni tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣe ìrìbọmi sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé òun gbìn, Àpólò sì bomi rin. Mo ti ka ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà kí wọ́n tó ní kí n di ẹrù mi.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbèrò láti lọ máa ń wá bá mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tètè lọ rí bíṣọ́ọ̀bù wọn, ìyẹn ẹni tí ń darí ìjọ àdúgbò wọn, nítorí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà, àyẹ̀wò dókítà wà, ti dókítà eyín náà wà, gbogbo rẹ̀ sì ń gba àkókò. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti bá ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn gbé yàrá kan rí. Bí wọn kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n wá ọ̀nà ṣe é ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò.