"Gbogbo wa" la fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní gbọ̀ngàn àdúgbò

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, mi ò tíì lè gbọ́ kí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn kí àyà mi má já. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ̀ǹda ara yín ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ yín dé, ó ti rẹ̀ yín, ẹ ò tíì fìdí jókòó tí ẹ tún fi gbéra lọ bá àwọn ọmọ tó ń dúró dè yín. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wa. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan á ka èyí, wọ́n á ní, "Irú àwọn wo tiẹ̀ nìyí?"

Ètò ìkàwé la máa ń ṣe fún àwọn ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, láti agogo 4 sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń ṣe kòkárí rẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, àwa 3 péré ni, ojoojúmọ́ la sì ń ráhùn pé ọwọ́ ò tó. Lọ́jọ́bọ̀ tí mo ń sọ yìí, àwa 8 la wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò wa, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọwọ́ ti tó wàyí o!" Fọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀. Mi ò pa á rẹ́.

Nígbà tó di agogo 6, ẹ mọ ariwo àsìkò yẹn. Ẹnìkan ń to àga léra, ẹnìkan ń gbálẹ̀, àwọn méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́n ń bá òbí kan sọ̀rọ̀, ọmọ kan ń sunkún pé òun ò rí ẹsẹ̀ bàtà òun kan. Mo dúró ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo ké sí inú pé, "Ṣé gbogbo ènìyàn ti jáde?" Ohùn bíi mẹ́ta ló dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Bẹ́ẹ̀ ni o!" Mo pa iná. Mo ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi tì í. Mo wá fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ní kọ́kọ́rọ́ náà, torí òun ni yóò ṣí ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì fún àwọn àgbàlagbà tó máa ń wá ṣe eré ìdárayá. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo la ní.

Agogo 7 ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fóònù mi dún. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ni, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 7 kan tí kì í pariwo. Ó kọ́kọ́ kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ yín ni?"

Ẹnu mi wọhò. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ló yẹ kó wá mú un. Ó dé lóòótọ́, àmọ́ ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ibi gbogbo ṣókùnkùn, ó rò pé àbúrò òun ti bá àwọn ọmọ ilé kejì lọ. Mi ò sọ èyí láti di ẹ̀bi ru ọmọdé o. Ọmọbìnrin náà ò tíì pé ọdún 14, ohun tí òun náà sì ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí àwa àgbà mẹ́jọ ṣe: ó rò pé ẹlòmíràn ti mójú tó o.

Mo sáré. Mi ò rántí bí mo ṣe kọjá títì. Nígbà tí mo dé ojú fèrèsé ẹ̀yìn, mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe igbe. Ó ti ké títí, ohùn rẹ̀ ti há, ó kàn ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí ọmọ tó ti sunkún sú. Ó ti sùn sórí tìmùtìmù tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ìwé, ní igun tí àwa fúnra wa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó lè wu àwọn ọmọ láti jókòó kàwé. Òkùnkùn ló jí i. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó wá sí ojú fèrèsé, ó di irin ojú fèrèsé mú, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Àǹtí, mi ò ṣe nǹkan kan o."

Ọmọ náà rò pé ìyà la fi ń jẹ òun. Ó ti wà nínú òkùnkùn fún bíi wákàtí kan, ó ń ro ohun tí òun ṣe.

Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò, kò gbọ́ ọ. Mo pè é, mo pè é. Ìyá ọmọ dé bá mi níbẹ̀. Kò bú mi. Ó ti ọwọ́ bọ inú irin fèrèsé, ó di ìka ọmọ rẹ̀ mú, a sì jọ dúró bẹ́ẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, èmi, òun, àti irin tó wà láàárín. Ó ń ka ìtàn fún un látorí. Mo fẹ́ bá a gbè é, ohùn ò jáde. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé tí ilẹ̀kùn ṣí, ṣòkòtò ọmọ náà ti tutù. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣé." Ká ní ó gbá mi létí ni, ìbá sàn fún mi.

Èyí tó kù kò gùn. A ṣèpàdé, a lọ bẹ ìyá, a bẹ ọmọ, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gbọ̀ngàn kọ̀wé ìbáwí sí wa, a dá ètò dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo kọ́. Ohun àkọ́kọ́, tí ó bá sì jẹ́ òun nìkan lẹ máa mú lọ ó tó: "gbogbo wa" kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Mo padà lọ wo ìwé ìpàdé wa. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé, "Gbogbo wa yóò máa rí i dájú pé kò sí ọmọ kankan nínú ilé kí a tó tì í." Èmi ni mo kọ ọ́. Ó dùn ún kà, àbí? Ewúrẹ́ tí gbogbo agboolé jọ ni, ebi ní ń pa á. Ká ní a kọ ọ́ pé lágbájá ni yóò wo yàrá ẹ̀yìn lónìí, lágbájá náà ì bá ti dìde lọ wò ó, torí òun ló máa dáhùn tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Mo rí ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Max Ringelmann, tó kó àwọn ènìyàn jọ kí wọ́n máa fa okùn. Ó tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 1913. Bí iye ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń mú wá ń dín kù. Nígbà tí wọ́n fi pé 8, ẹnìkọ̀ọ̀kan kò mú ju nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ wá. Mẹ́jọ! Mo tún un kà. Iye tí a jẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyẹn, tí mo ń ya fọ́tò pé ọwọ́ ti tó.

Èyí tó tún gún mi lọ́kàn ni ti John Darley àti Bibb Latané, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, ní ọdún 1968. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbọ́ ohùn ẹnìkan láti yàrá mìíràn bíi pé gìrì mú un. Àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde lọ pe ìrànlọ́wọ́ kí gìrì náà tó dáwọ́ dúró. Àwọn tó rò pé ẹni 4 mìíràn tún ń gbọ́, 31 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe pé ìkà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà kì í ṣe ìkà. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ sí wa. Àmọ́ nígbà tí a jẹ́ 3, mo máa ń wo gbogbo yàrá fúnra mi, torí mo mọ̀ pé tí mi ò bá wò ó, kò sẹ́ni tó máa wò ó.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ mọ́ rẹ́jísítà. A ní rẹ́jísítà o, ẹ má ṣe sọ pé a ò ní. Gbogbo ọmọ tó bá wọlé la ń kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó dé. Ìwé wa mọ ẹni tó wọlé, kò mọ ẹni tó jáde. Ní báyìí a ti fa ìlà kejì: aago tí ọmọ jáde àti orúkọ ẹni tó mú un lọ. Ta ló ń kọ ọ́? Ẹnìkan, tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ojú ìwé náà. Ẹ ti rí i pé ibì kan náà ni mo tún padà sí.

Ti ilẹ̀kùn ńkọ́? Ibi tí èrò ń pé sí, ó yẹ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Tí iná bá sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Mi ò fẹ́ ronú dé ibẹ̀. A ti pààrọ̀ rẹ̀, a sì ti gé kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé nítòsí.

Ẹ má sì máa fi ẹnu béèrè ohun tí ojú yẹ kó rí. "Ṣé gbogbo ènìyàn ti jáde?" kì í ṣe ìbéèrè. Mo ti fẹ́ lọ sílé ni, mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún mi pé kí n máa lọ.

Nígbà tí a pinnu nínú ìpàdé pé kí a máa kọ orúkọ ẹni tí yóò wo yàrá kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kan lára ògiri, ẹnìkan nínú wa sọ pé òfin ti ń pọ̀ jù, pé ẹni tí a ò sanwó fún kò yẹ kí a máa há orúkọ rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ó tún ní iṣẹ́ báyìí ti wà tipẹ́ láìsí gbogbo èyí. Ó wà tipẹ́ lóòótọ́, nínú àwọn ilé ìrànlọ́wọ́ àdúgbò bíi Toynbee Hall ní London láti ọdún 1884, Hull House tí Jane Addams àti Ellen Gates Starr dá sílẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1889. Àmọ́ inú àwọn ilé yẹn gan-an ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń gbé nígbà náà. Àwa ń ti ilẹ̀kùn, a ń lọ sílé. Ẹni náà ò tíì padà wá láti ọjọ́ yẹn. Ó dùn mí, torí ó mọ ìṣirò kọ́ ọmọ ju gbogbo wa lọ. Síbẹ̀, mi ò yọ orúkọ kúrò lára ògiri. Àwa 7 tó kù, oníkálukú mọ yàrá tirẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ìyá ọmọ náà mú un wá. Mi ò retí wọn. Ó kí mi, mo kí i, ọmọ náà fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Dípò kó fi í lé mi lọ́wọ́, ó kọjá lọ síbi ìwé tó wà lára ògiri, ó fi ìka tọ ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí a kọ orúkọ ẹni tó máa wo gbogbo yàrá kó tó ti ilẹ̀kùn sí.

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ni lónìí."

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó tú ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.