Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbẹ́ Fọ́tò

Òṣogbo, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Fọ́tò pọ̀ ní ilé wa ní Òkè-Fìà yìí, àlàyé wọn ni kò pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kó wọn kúrò nínú agolo bisikíìtì àti àwọn áábọ́ọ̀mù àtijọ́ bọ́ sínú ìwé ńlá tí mo ń lẹ̀ wọ́n mọ́, kì í ṣe gígé tàbí lílẹ̀ ni ó ń gba àkókò mi jù lọ, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan: kí ni a ó kọ, ta ni yóò kọ ọ́, ṣé ọwọ́ ni a ó fi kọ ọ́ ni tàbí a ó tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà? Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo ṣe lónìí, síbẹ̀ ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dìde nídìí rẹ̀.

Fọ́tò ìyá mi nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọge ni ó wà lójú ìwé náà. Dúdú àti funfun ni, wọ́n sì gé etí rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ bí wọ́n ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Ìyá mi jókòó sórí àga, ó wọ ìró àti bùbá, gèlè rẹ̀ ga, ó gbé tẹlifóònù dúdú kan sétí bí ẹni pé ẹnìkan ń bá a sọ̀rọ̀ láti Èkó. Aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti òdòdó sí ni wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá yí fọ́tò náà padà, òǹtẹ̀ ilé ayafọ́tò wà níbẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fi bíírò kọ sáàárín òǹtẹ̀ ti parẹ́ pátápátá. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọmọ olówó ni ìyá mi, pé tẹlifóònù wà ní ilé bàbá rẹ̀. Kò sí tẹlifóònù ní ilé bàbá rẹ̀. Ti ayafọ́tò ni, kò tilẹ̀ ní wáyà. Bí a bá wo ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà dáadáa, a ó rí i pé kò so mọ́ ohunkóhun.

Nígbà tí mo bi ìyá mi léèrè, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa á. “Àdùkẹ́, ta ni yóò pè mí? Aago ọwọ́ yẹn gan-an, ti ọ̀rẹ́ mi ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, kí n tètè ṣe tán kí ó lè gbà á padà, torí pé òun ló kàn.”

Mo ti ń wo fọ́tò yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà. Èyí ni ó mú mi gbà pé ohun tí ojú lè rí fúnra rẹ̀ kò yẹ kí a fi ìlà kan ṣòfò lé lórí. Kí a kọ “Màmá wọ ìró àti bùbá” sábẹ́ fọ́tò tí ó ti fi ìró àti bùbá hàn, iṣẹ́ àṣedànù ni. Ohun tí fọ́tò fi pamọ́ ni ó yẹ ní kíkọ, àti ohun tí ó fi ń tàn wá jẹ: ẹni tí ó ni aago, ẹni tí ó ń dúró de àyè, iye tí wọ́n san, ìdí tí wọ́n fi lọ ya fọ́tò lọ́jọ́ náà. (Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Èkó. Ọkùnrin náà kì í ṣe bàbá mi. N óò tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.)

Ibi tí àìsí ọ̀rọ̀ ti lè ṣini lọ́nà jù lọ, lójú tèmi, ni fọ́tò àwọn ìbejì. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, àwọn olùwádìí rí i ní àwọn ọdún 1970 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, ayafọ́tò a máa ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ méjèèjì sórí pépà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ tí ó kù náà ni yóò wọ aṣọ ọkùnrin fún ti àkọ́kọ́, tí yóò sì wọ ti obìnrin fún èkejì. Ìdílé tí ó ni fọ́tò náà mọ ohun tí ó ń wò. Ọmọ-ọmọ tí ó bá bá a nínú àpótí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ méjì ni yóò kà, yóò sì máa wá èkejì káàkiri nínú àwọn fọ́tò yòókù. Ìlà kan péré ni ìbá là á lóye.

Mo fẹ́ kí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn tẹlifóònù náà. Ó kọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, pé èmi tí mo ní kọ̀ǹpútà ni kí n tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gún régé. Mo ní, “Màmá, ẹni tí yóò ka ìwé yìí lẹ́yìn wa yóò rí ojú yín nínú fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí ó rí ìkọ̀wé yín náà.” Mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sórí pépà, mo fi àyè tí ó fẹ̀ sáàárín wọn, mo sì kọ́kọ́ fún un ní pépà mìíràn kí ó fi dánra wò, torí pé orí pépà àfidánrawò ni ènìyàn ti máa ń mọ̀ bóyá ìtàn òun yóò gba àyè tí a pín fún un. Ó kọ̀wé bí wọ́n ti kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan so mọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e, ìrù g rẹ̀ gùn wọ ìlà ìsàlẹ̀, kì í sì í ṣe àmì tó-tó ni ó ń fi sábẹ́ ẹ àti ọ bí tiwa, ọ̀pá kékeré kan ni ó ń fà sí i. Nígbà tí ó dé ibi “òun ló kàn,” ẹ̀rín tún gbà á, kálàmù dúró lójú kan, yíǹkì sì sun síbẹ̀ díẹ̀. N kò jẹ́ kí ó tún un kọ. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tẹ ibi tí ìyá mi ti rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, n kò sí lára àwọn tí ń sọ pé ohun tí a fi ọwọ́ kọ nìkan ni ó ní iyì. Àwọn lẹ́tà bàbá mi àgbà wà nínú àpótí náà, kò sì sí ẹni tí ó lè kà wọ́n tán nínú wa. Ó dà bí ẹni pé kò fẹ́ kí gègé òun kúrò lórí pépà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, mo ti sọ ọ́ di ìlànà pé ohunkóhun tí àgbà bá fi ọwọ́ kọ, n óò tẹ ẹ̀dà rẹ̀ ní lẹ́tà tí ó tóbi tó 14, n óò sì fi í sí ẹ̀yìn ojú ìwé náà. Ìtàn gígùn pẹ̀lú, títẹ̀ ni ó yẹ ẹ́, bí oríkì ìdílé tàbí ìròyìn ìsìnkú tí ó gba ọjọ́ mẹ́ta.

Títẹ Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà tí mo kó oríkì ilé wa fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́, kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀ nígbà tí mo gbà á padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tẹ̀ ẹ́ fi pẹ̀lẹ́tù dá mi lóhùn pé, “Mọ́mì, ẹ ó mọ̀ ọ́n kà, ẹ̀yin lẹ kúkú ni ín.” Òótọ́ ni, èmi mọ̀ ọ́n kà. Àwọn tí mo ń ṣe é fún ni kò ní mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀bi náà kò sì jẹ́ ti ọmọ náà nìkan. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ ní ààyè tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó gba àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní ààyè kan tí ó dá wà. Àmì òkè ni a ó gbé lé ẹ lórí lọ́tọ̀, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ bí a ti ń gbé e, àmì náà a yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e a wá dà bí ẹni tí ó jalè. Mo ti ń fúnra mi tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dán fọ́ǹtì wò. Noto Serif àti Charis SIL kò já mi kulẹ̀ rí.

Lórí pépà àti yíǹkì, díẹ̀ ni mo ní láti sọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ṣe pàtàkì ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ bí tiwa. Gbogbo wa ni a ti rí bí ìwé ìròyìn ti ń pọ́n bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn; ohun tí ó ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ wà nínú pépà olówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú, ó sì lè ran fọ́tò, nítorí náà pépà tí kò ní ásíìdì ni kí a wá. Àwọ̀ inú yíǹkì bíírò lásán a máa ṣá nínú ìmọ́lẹ̀, èyí ni ó sì jẹ ọdún tí ó wà lẹ́yìn fọ́tò ìyá mi. Kálàmù tí a kọ píígímẹ́ńtì sí lára, tí omi kì í tú, ni mo ń lò. Mo máa ń kọ ọ́ sórí àjákù pépà, n óò jẹ́ kí ó gbẹ, n óò sì fi omi kán an lójú kí n tó fọkàn tán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ìwé tí a fi ẹ̀rọ tí ń lo yíǹkì olómi tẹ̀ lè tú bí omi bá kàn án, ti ẹ̀rọ lésà kì í sábà tú. Kò sí ìdí tí a ó fi tẹ bíírò mọ́ ẹ̀yìn fọ́tò, torí pé ojú rẹ̀ yóò yọ, yíǹkì yóò sì lẹ̀ mọ́ fọ́tò tí a bá tò lé e. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ dára fún fọ́tò àtijọ́ tí pépà gidi wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í mú lára ti òde òní tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ọ̀rá.

Ìlú aró sì ni Òṣogbo, ojú ìwé mi kò lè ṣe kí ó má ní àdìrẹ. Mo fọ ègé tí mo gé lára ìró àtijọ́ kan títí omi rẹ̀ fi mọ́, nítorí pé aró tí kò tíì fọ̀ tán a máa pa ohun tí ó bá kàn láró, ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi ọwọ́ kọ ni ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ti lílẹ̀ fúnra rẹ̀, Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà nì, ni ó gba ìwé-àṣẹ ní 1873 fún ìwé ìlẹ̀mọ́ tí gọ́ọ̀mù ti wà lójú rẹ̀, tí ènìyàn kàn ní láti fi omi tọ́. Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ jẹun ni ó wá ọ̀nà láti gé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù kúrú.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin Èkó náà wá ńkọ́? Màmá ní kí n má kọ ọ́. Lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán, ó pe mí padà, ó ní bóyá kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó má wà níta. Mo fi pépà ṣe àpò pẹlẹbẹ kan, mo lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì tí fọ́tò wà lórí rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má baà hàn, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ohun tí ó fẹ́ kọ, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tì í bọ̀ ọ́. N kò kà á. Ẹni tí ó bá ní sùúrù láti tú ojú ìwé náà wò yóò bá a níbẹ̀.

Ọdún ni ó kù. Bí a bá rí ọkọ̀ nínú fọ́tò tí ó ń rìn ní apá òsì títì, a mọ̀ pé wọ́n ti yà á kí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ọdún 1972 tó dé, nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lápá ọ̀tún. Bí pátákó ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Òṣogbo bá sì ka Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a mọ̀ pé ó ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 1991. Inú yàrá ni wọ́n ti ya ti ìyá mi, kò sí ọkọ̀, kò sí pátákó. Ohun tí ó rántí ni pé ṣílè ni òun san, èyí tí ó yẹ kí ó fi hàn pé a kò tíì máa ná náírà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní, ọdún 1973. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní Ẹdẹ, tí mo pè lórí fóònù, ní kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ọjà ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì dá òun lójú pé òun ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun ya fọ́tò yẹn. Ìyá mi ní kí n má dá a lóhùn.

Mo kọ “ó ṣáájú 1973, gẹ́gẹ́ bí Màmá ti sọ” sábẹ́ fọ́tò náà, mo sì fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo nísàlẹ̀ rẹ̀ fún Bàbá Ẹdẹ, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀ nígbà tí ó bá wá kí wa. Bí mo ti mọ̀ ọ́n tó, ìlà mẹ́ta kò ní tó o. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, n óò bá a tẹ̀ ẹ́.