Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 4, owó ààbọ̀ wákàtí

Ìwé owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ká a sáàárín ìwé ìlò mọ́tò mi, ó ti ń pọ́n létí. Ìlà 7 ló wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà kan ṣoṣo ni mo bá lọ: ọ́ìlì. Ọ́ìlì ni mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ nílé iṣẹ́ tó ta mọ́tò náà fún mi. Mo jókòó sórí àga tó rọ̀ bí òwú, tẹlifíṣọ̀n ń dá sọ̀rọ̀, nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde sí mi. Fílítà kan ló mú dání, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ewé gbígbẹ méjì há sí i lára.

"Mà, ẹ wo nǹkan. Ibi tí atẹ́gùn tí ẹ ń mí sínú ń gbà kọjá nìyí o."

Kí ni kí n wí? Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní fílítà atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì náà ti dọ̀tí, mo ní kò burú. Wáípà ti gbó, kò burú. Wọ́n á fọ ọ̀nà tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fa náítírójìn sí táyà, wọ́n á nu orí bátìrì. Kò burú, kò burú, kò burú. Ká sọ òótọ́, ojú ló ń tì mí láti béèrè ohun tó ń jẹ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìwé owó dé, owó ọ́ìlì tó gbé mi débẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo san.

Mo san án, mo kí wọn pé ẹ ṣé. Inú ń ru mí títí mo fi délé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó yọ ìwé ìlò mọ́tò náà kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wa mọ́tò ọ̀hún o. Mo wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ fílítà inú mọ́tò, mo bá a: àwòrán 4 péré. Ṣí píjìnhóòlù tó wà níwájú èrò iwájú, kó ohun inú rẹ̀ kúrò, fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú kó lè sọ̀ wálẹ̀, yọ ìdérí pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, fa fílítà jáde. Ó tán. Mo tan iná fóònù, mo jáde lọ, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ mọ́tò nínú òkùnkùn, mo yọ fílítà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, mo wo ọfà etí rẹ̀ tó ń júwe ibi tí atẹ́gùn ń gbà, mo dá a padà bí mo ṣe bá a. Ìṣẹ́jú 4. N ò mú sípánà, n ò mú sìkúdíráífà. Wọ́n fi í sí i dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ jẹ́ ti ààbọ̀ wákàtí, ó sì ju owó fílítà fúnra rẹ̀ lọ.

Mo pe àbúrò mi ọkùnrin. Ó ti ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀ rí kó tó lọ dá dúró. Mo ní àwọn èèyàn wọ̀nyí ti jà mí lólè. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, wọn ò jà yín lólè. Aago ara ògiri kọ́ ni wọ́n fi ń ka wákàtí níbẹ̀, ìwé ni."

Ó wá là mí lóye. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye wákàtí tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn sílẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé wákàtí kan àtààbọ̀ ni, tí mẹkáníìkì tó já fáfá sì parí rẹ̀ ní ogójì ìṣẹ́jú, wákàtí kan àtààbọ̀ lo máa san. Bí nọ́ọ̀tì bá dógùn-ún mọ́ ọn lọ́wọ́ tó fi lo wákàtí mẹ́ta, wákàtí kan àtààbọ̀ náà ni. Èyí ò burú fún oníbàárà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá le. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni iṣẹ́ kéékèèké, nítorí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ní iye tó kéré jù tí wọ́n lè kọ, àní bó jẹ́ gílóòbù iná lo ní kí wọ́n yí sí i. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, wákàtí inú ìwé yẹn ni wọ́n fi ń sanwó fún mẹkáníìkì, oníṣẹ́ẹ̀tì funfun náà sì ń rí tiẹ̀ lára ohun tó bá tà. Kò sẹ́ni tó máa rí fílítà dúdú nínú wọn tó máa dákẹ́.

"Ẹ sì tún wò ó," ló wí, "jáàkì ńlá tó ń gbé mọ́tò sókè, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, ilé, iná, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó wákàtí yẹn. Àga rírọ̀ tí ẹ jókòó lé ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àga yẹn ló dùn mí jù.

Mo kúkú gbé ìwé owó náà síwájú, mo gbé ìwé ìlò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wò wọ́n ní ìlà-ìlà. Fífọ ọ̀nà epo: ìwé ìlò mi kò tiẹ̀ dárúkọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Náítírójìn: atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí sínú lọ́fẹ̀ẹ́, ìdá 78 nínú 100 rẹ̀ náítírójìn ni. Ó ti wà nínú táyà mi tipẹ́. Ohun tí táyà ń fẹ́ ni kéèyàn máa wọn atẹ́gùn inú rẹ̀ lóṣooṣù, láàárọ̀ kí mọ́tò tó rìn, kó sì jẹ́ iye tí wọ́n kọ sára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni wọ́n máa fi sí i. Iye tí wọ́n tẹ̀ sára táyà fúnra rẹ̀, òpin ohun tó lè gbà nìyẹn, kì í ṣe ohun tí mọ́tò rẹ fẹ́. Èmi náà ti ń wo ara táyà láti ọjọ́ yìí wá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbà á ṣe díẹ̀díẹ̀. Fílítà méjèèjì di tèmi. Wáípà, bákan náà. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ nínípọn sórí gíláàsì kẹ́ ẹ tó yọ rọ́bà àtijọ́, torí pé irin apá rẹ̀ ní sípíríǹgì, bó bá já mọ́ yín lọ́wọ́ lójijì, gíláàsì lè ṣẹ́.

Bátìrì ló kọ́kọ́ já mi láyà. Wọ́n ní orí tó ní àmì ìyọkúrò ni kéèyàn kọ́kọ́ tú, òun náà ni kéèyàn sì dè kẹ́yìn. Mo máa ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan kí n tó fọwọ́ kàn án, àbúrò mi ló sì sọ ọ́ kó yé mi. Gbogbo irin ara mọ́tò ló so mọ́ orí ìyọkúrò yẹn. Bó o bá ń tú orí àròpọ̀ nígbà tí ìyọkúrò ṣì wà níbẹ̀, tí sípánà rẹ sì fara kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí irin èyíkéyìí, o ti so orí méjèèjì pọ̀ nìyẹn: iná á ṣẹ́ yọ, sípánà á gbóná débi pé ó lè jó ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá ti tú ìyọkúrò, bí sípánà tó wà lórí àròpọ̀ bá fara kan irin ara mọ́tò, kò séwu. Látìgbà tó ti sọ ọ́ báyìí, n ò ṣì í ṣe mọ́.

Ọ́ìlì wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Mo ra oríṣi tí ìwé ìlò pè, 0W-20, mo ra fílítà, mo ra wáṣà kékeré ìdí nọ́ọ̀tì. Mo fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, mo ki irin ìdúró méjì sábẹ́ rẹ̀, mo tì í sọ́tùn-ún sósì bóyá á mì. Èyí kì í ṣe àwàdà: jáàkì nìkan kì í ṣe ohun téèyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ọ́wọ́ tú lé mi lọ́wọ́ dé ìgúnpá, ó kún abọ́. Fílítà àtijọ́ le koko, mo fi ìfifa rẹ̀ fà á títí òógùn fi bò mí kó tó gbọ̀n. Mo fi ọ́ìlì pa rọ́bà ti tuntun lẹ́nu, mo fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà fi kan irin, mo fi díẹ̀ kún un. Mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo wo géèjì, ó pé. Orin ti fẹ́ máa bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo sítáàtì.

Mo gbọ́ ìró kan bíi kí omi máa tú jáde nínú páìpù. Kó tó di pé mo sáré jáde wo abẹ́ mọ́tò, nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú ti ń ṣàn bọ̀ wá sídìí bàtà mi. Mo yára pa á. Mo gbọ́wọ́ lérí, mo pe àbúrò mi. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, fílítà àtijọ́ ńkọ́? Ṣé rọ́bà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀?"

Mo fa fílítà àtijọ́ yọ nínú abọ́, mo nù ún. Ẹnu rẹ̀ ṣófo, ojú ihò roboto ibi tí rọ́bà ń gbé nìkan ló wà níbẹ̀. Rọ́bà náà ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, èmi sì ti fún fílítà tuntun lé e lórí. Rọ́bà méjì lórí ara wọn kì í dì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì sì ti ń fi agbára ti ọ́ìlì, ó rí ọ̀nà jáde.

Mo fi èékánná ṣí i kúrò. Ó tínrín, ó dúdú, kò ju ẹ̀gbà ọwọ́ lọ. Mo pe ẹnì kan kó bá mi ra ọ́ìlì mìíràn wá, torí pé mọ́tò mi ò lè lọ síbì kankan, mo sì fi iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ nu ilẹ̀ fún odindi wákàtí méjì. Gbogbo owó tí mo rò pé mo fi pamọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ́ìlì kejì ló gbé e lọ. Bí mo bá sì sítáàtì tán tí mo kàn wà á lọ, ojú ọ̀nà ni ọ́ìlì ì bá ti tán sí, ẹ́ńjìnnì ì bá sì ti di ẹrù irin. Mẹkáníìkì tí mo ń bínú sí ì bá ti wo ẹnu fílítà àtijọ́ yẹn láìtiẹ̀ mọ̀ pé òun wò ó. Apá kan owó wákàtí náà, èyí nìyẹn.

N ò tìtorí ìyẹn dẹ́kun. Ìgbà 5 ni mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì látìgbà náà, rọ́bà àtijọ́ ni mo sì kọ́kọ́ ń wá. Ọ́ìlì tó ti gbó, inú ike tí tuntun bá wá ni mo ń dà á padà sí, ibi tí wọ́n ń gbà á ni mo ń gbé e lọ; gọ́tà kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, iye kìlómítà, oríṣi ọ́ìlì, rísíìtì tí mo fi píìnì há mọ́ ọn. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí wọ́ráńtì lọ́la, ìwé yẹn ló máa bá mi sọ̀rọ̀.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí n kì í fọwọ́ kàn. Ìbéèrè kan ni mo fi ń pín wọn: bí mo bá ṣi èyí ṣe, ṣé mọ́tò ò ní sítáàtì ni, àbí kò ní dúró? Èyí tí kò bá ní sítáàtì, mo lè gbìyànjú rẹ̀. Èyí tí kò bá ní dúró, kí ẹlòmíì ṣe é. Àwọn wáyà aláwọ̀ ìyeyè ti àpò atẹ́gùn, èyí tó ń wú jáde láti dáàbò bo èèyàn bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, wà nínú ohun tí mo sá fún, torí ohun tó ń bú gbàù ló wà nídìí wọn. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn inú mọ́tò oníbátìrì ńlá náà, iná inú wọn ń pààyàn. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò bá sì kéde fúnra wọn pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó, ọ̀dọ̀ díílà tó ń ta mọ́tò wọn ni mo ń gbà lọ tààrà, torí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń gbé ìnáwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí àpò atẹ́gùn tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, tí wọ́n pe àìmọye mílíọ̀nù mọ́tò padà nítorí rẹ̀: kẹ́míkà inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, irin rẹ̀ a sì fọ́ sára awakọ̀. Ta ló máa fi sípánà àti fídíò fóònù dojú kọ ìyẹn?

Ọ́ìlì bírékì náà rèé. Ó máa ń fa omi inú atẹ́gùn mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ hó nígbà tí bírékì bá gbóná, ẹsẹ̀ rẹ á sì kàn rì lọ sísàlẹ̀ lórí pẹ́dàlì. Ìwé ìlò mi ní ọdún 2 ni kí n máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún 2 pé lóṣù tó kọjá, ni mo bá padà sọ́dọ̀ wọn.

Oníṣẹ́ẹ̀tì funfun ọjọ́sí náà ló dá mi lóhùn. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dání.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Mo rí i pé ó ti tó àsìkò fílítà inú mọ́tò yín."

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀."

"Ta ló bá yín pààrọ̀ rẹ̀, mà?"

"Èmi ni."

Ó pa ìlà kan rẹ́. "Ti ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Ọ́ìlì?"

Mo na àtàǹpàkò mi sí i. Dúdú ìdí èékánná yẹn, ọṣẹ ò tíì rí i ṣe. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún pa ìlà mìíràn rẹ́.

"Ó wá ku kí ni, mà?"

"Ọ́ìlì bírékì. Tiyín nìyẹn."

Ó ní wákàtí kan ni. Mo rìn lọ sí yàrá ìdúró, mo wá àga rírọ̀ yẹn lọ, mo bọ́ bàtà mi. Tẹlifíṣọ̀n ṣì ń dá sọ̀rọ̀. Èmi kúkú ni mo ń san owó àga náà. Mo sùn.