Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Ilé Àlàájì

Agbowó là ń gbé, lọ́ọ̀ọ́kán géètì Yunifásítì Ìbàdàn, àwa ayálégbé mẹ́sàn-án nínú ilé kan. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, a ó gbé àga síta, èmi ni wọ́n sì máa ń ní kó sọ̀rọ̀. Ìtàn kangaróò ni mo fẹ́ràn jù. Màá dìde, màá na ìka bí òyìnbó: "Kí lorúkọ ẹranko tó ń fò yẹn?" Màá sáré bọ́ sápá kejì, màá di onílẹ̀, màá ranjú: "Kangaróò!" Ìyẹn ni pé, "N ò gbọ́ nǹkan tí ò ń wí." Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, ló bá di orúkọ. Àlàájì onílé wa á rẹ́rìn-ín títí fìlà á fi jábọ́. Ó ti tó ìgbà ogún tí mo sọ ọ́, fìlà kan náà ló ń jábọ́.

Ọmọ kan wà nínú ilé tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Òun nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni o." A ní kó lọ kàwé ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ọ̀rẹ́ mi tó ń sin ẹran ní Mọníyà pè mí, ó fẹ́ fún Bọ́lá ọmọ mi ní guinea pig méjì, ẹran kékeré onírun kan báyìí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, mo bọ́ sí kọ́rídọ̀, mò ń pariwo. Èmi kì í sì í da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àgàgà tí èèyàn bá ń gbọ́. "Ẹlẹ́dẹ̀ Gíní méjì? Akọ kan, abo kan? Gbé wọn bọ̀ ní Sátidé!" Ìyá Àlíyù ń ro àmàlà lọ́wọ́. Mo rí i tí ọmọrogùn dúró gbagidi nínú ìkòkò. Mi ò fura.

Ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, Àlàájì ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo ilé ti pé síbẹ̀.

"Bàbá Bọ́lá, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ máa sin ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé mi."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹlẹ́dẹ̀ Gíní ni, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ gidi."

"Ti Gíní kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti panu mọ́. "Láti Gíní ni wọ́n ti ń kó o wá, sà. Conakry lọ́hùn-ún."

Àlàájì yọ awò ojú ẹ̀. "Gíní tí Mùsùlùmí kún bámúbámú? Ta ló ń sin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀?"

Mi ò lésì. Ọmọ tí a lé lọ kàwé ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti Gíní wá. Ẹbí eku ni. Àwọn ará òkè Andes, ní Peru, ti ń sìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n ń jẹ ẹ́, cuy ni wọ́n ń pè é. Faransé pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ Íńdíà, Jámánì ní ẹlẹ́dẹ̀ kékeré inú òkun.

Àlàájì yíjú sí mi. "Ti kangaróò ńkọ́?"

Ọmọ yìí ti ń retí ọjọ́ náà! Ní 1770, ó ní, ọkọ̀ Captain Cook, atukọ̀ òkun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàjẹ́ létíkun Ọsirélíà. Níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni wọ́n ti gbọ́ gangurru lẹ́nu àwọn Guugu Yimithirr, onílẹ̀ ibẹ̀; orúkọ irú kangaróò ńlá kan ni. Ní 1820, òyìnbó mìíràn débẹ̀, orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n sọ fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wí pé Cook ṣì í gbọ́. Àfìgbà tí John Haviland, onímọ̀ èdè, lọ jókòó ti àwọn onílẹ̀ lẹ́yìn 1970 ni ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ó wá fi iyọ̀ sí i: àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó sí Sydney ní 1788 ń pe kangaróò, kangaróò létí àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tí èdè tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn rí màlúù, ó ní ṣé kangaróò nìyẹn?

Fìlà Àlàájì jábọ́. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mí tó.

Àfi "wíìkì! wíìkì!" lẹ́nu géètì. Ọlọ́kadà ti gbé páálí dé. Igbe ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ni, kò yẹ̀. Àlàájì ká jalabíà sókè, ó ti wà lórí àga. Bọ́lá ṣí páálí: ẹran méjì onírun, kò sí ìrù nídìí wọn, ọ̀kan ń jẹ páálí lọ ní tiẹ̀. Ìyá Àlíyù ní òyà ni. Bàbá téélọ̀ ní ẹmọ́ ni.

"Bàbá Bọ́lá," Àlàájì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, "kí là ń pè é ní Yorùbá?"

Mo wo ọmọ yẹn. Ó ń wo òkè àjà.

"Mi ò mọ̀, sà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ariwo àwọn ọmọ-ọmọ Àlàájì ló jí mi, wọ́n kó koríko dání: "Mìòmọ̀! Mìòmọ̀, wá jẹun!" Ọ̀sẹ̀ ò tíì parí tí ìyá kan láti ilé kejì fi kanlẹ̀kùn mi. Ó fẹ́ mọ èló ni mò ń ta mìòmọ̀ kan, àti pé ṣé ẹran ẹ̀ máa ń tètè jinná.