Olùkọ́ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì olùkọ́: àyẹ̀wò ọdún mi láti Àjàṣẹ́

Oṣù Kejìlá ti dájì, ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, mo sì ráyè jókòó gbé ọdún yìí yẹ̀ wò. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, iṣẹ́ kan kún kíláàsì tí mo ń kọ́: kí n máa bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ṣe é, kí ìkọ́ni wa lè máa dára sí i. Òun ló gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Ohun tí mo rí fi dá mi lójú pé ìpàdé ọlọ́jọ́ kan kì í mú olùkọ́ yunifásítì dàgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà bá wá jókòó tì í lẹ́nu iṣẹ́, tó sì tún padà wá, ni ó ń dàgbà.

Ẹ wo bí àwa yìí ṣe ń di olùkọ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ìwé girama, ibi tó ti lè kọ́ṣẹ́ wà. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni École Normale Supérieure tó wà níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ ń tọ́. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́, wọ́n á rán an lọ sí kíláàsì, àgbà olùkọ́ á sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn á fi ọdún gbọọrọ ṣèwádìí lórí kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á kó gbọ̀ngàn kan tí ọmọ kún dẹ́nu ọ̀nà lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó mọ bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ, tàbí bí a ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò yé e. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ni yóò ṣe máa kọ́ wọn: kó máa ka ìwé jáde, kí àwọn ọmọ máa dà á kọ.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń lo èdè Faransé, CAMES, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gíga ní àwọn ilẹ̀ náà, ni gbogbo olùkọ́ yunifásítì ń wò. Ní 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ouagadougou ní Burkina Faso ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó jẹ́ Assistant, ìyẹn olùkọ́ tó wà ní ipò ìsàlẹ̀, tó fẹ́ di Maître-Assistant, ipò tó tẹ̀ lé e, yóò kó ìwé rẹ̀ jọ ránṣẹ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ di Maître de Conférences, títí dé orí Professeur Titulaire, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n pátápátá. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ló ń jókòó yẹ ìwé náà wò. Mo fẹ́ràn ètò yìí, mo sì ń sọ ọ́ gbangba, torí pé kì í jẹ́ kí ìgbéga èèyàn wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo tó lè máa bínú sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé àpilẹ̀kọ ìwádìí ló ń gbéni gòkè jù. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ tó bá rí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tó ṣófo, àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni yóò jókòó tì. N kò dá a lẹ́bi, ó ní ọmọ tó ń bọ́.

Nítorí náà, ohun tí a máa ń rí fún ìtọ́sọ́nà olùkọ́ ni ìpàdé ọlọ́jọ́ kan: àlejò á ti Kùtọnu wá, a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn, a ó jẹun, wọ́n á fún wa ní ìwé ẹ̀rí, ó parí. Mo ti lọ sí irú rẹ̀ tó pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì dára gan-an. Ìṣòro wọn ni pé wọ́n kúrú. Graham Gibbs àti Martin Coffey gbé ìwádìí kan jáde ní 2004, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 8. Àwọn olùkọ́ yunifásítì tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù 4 sí 18 ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí kọ́, wọ́n kúrò nídìí kí àwọn ṣáà ti sọ tẹnu àwọn tán. Wọ́n tún wo àwọn olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá lẹ́kọ̀ọ́: àwọn wọ̀nyí kò kúrò lójú kan, ẹ̀yìn ni àwọn mìíràn ń rìn. Ibi tó kẹ́yìn yẹn ló bà mí lẹ́rù. Olùkọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lóun nìkan lè máa burú sí i pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà.

Ohun tí a wá ṣe nílé ẹ̀kọ́ wa kò gba owó púpọ̀. Olùkọ́ méjì-méjì ni a so pọ̀, kí wọ́n máa wo kíláàsì ara wọn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wò ni yóò sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n bá òun wò. Ẹni tó wá wòran yóò kọ ohun tó rí, kò ní kọ èrò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀rọ̀ tó tutù, àwọn méjèèjì á jókòó sọ ọ́. Kò sí ohun kankan níbẹ̀ tí yóò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, kò sí èyí tí yóò wọ ìwé ìgbéga ẹnikẹ́ni. Òfin tó kẹ́yìn yìí ni mo dì mú jù lọ. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá mọ̀ pé wọ́n ń fún òun ní máàkì, kíláàsì tó mọ̀ dunjú ni yóò pè yín sí, ibi tó ń dùn ún kò sì ní hàn sí yín.

Ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé fẹ́ dí wa lọ́nà. Ta ni Assistant tí yóò lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí yóò wá sọ pé “Bàbá, ẹ ò wo apá ọ̀tún rárá láti ìbẹ̀rẹ̀”? Bàbá kan láàárín wa tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù díẹ̀ ló ṣí ọ̀nà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn ọmọdé wá wo kíláàsì òun kí wọ́n tó wo ti ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sókè, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó gbọ́ ọ tán, ó ní: “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ ṣé.” Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún lè fi ọjọ́ orí ṣe àwáwí. Bí mo bá ní ẹnì kan láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí, Bàbá yìí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kíláàsì kan, ẹni tó ni ín ti yọ̀ǹda pé kí n sọ ọ́. Àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, ìṣirò owó ilé iṣẹ́ ló ń kọ́. Ó ní kí n bá òun wo ìdí tí àwọn ọmọ kì í fi í béèrè nǹkan kan, tí wọ́n sì máa ń ṣubú nínú ìdánwò. Mo fa ìlà méjì wálẹ̀ lójú ìwé: aago lápá òsì, ohun tí olùkọ́ ń ṣe láàárín, ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe lápá ọ̀tún. Ó ń ṣàlàyé bí iye ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rà ṣe ń dín kù lọ́dọọdún nínú ìwé ìṣirò. Àlàyé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó yíjú sí wọn, ó ní, “C'est compris?”, ìyẹn “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo wọn ní, “Oui, Monsieur”, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó yíjú padà sí pátákó. Kí n tó ka ení dé èjì, ó ti ń kọ nǹkan mìíràn. Mo bojú wo ìwé ọmọ tó jókòó tì mí. Ó ti po ọ̀nà ìṣirò méjì pọ̀ mọ́ra, iye tó kọ fún ọdún kejì kò bá ọ̀nà kankan mu. Ohùn rẹ̀ sì wà lára ohùn tó dáhùn “Oui” yẹn, ó tiẹ̀ ròkè.

Lẹ́yìn kíláàsì, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?” Mo ka ìlà náà fún un láti òkè délẹ̀, n kò fi nǹkan kan kún un. Òun fúnra rẹ̀ ló dá mi dúró níbi “C'est compris” kẹta. Ìgbà náà ni mo sọ fún un nípa Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà tó wo kíláàsì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọdé ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni olùkọ́ máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì ń la ẹnu. Àbúrò mi pinnu láti pa ìbéèrè tirẹ̀ tì pátápátá. Nígbà tí mo padà lọ, ìṣirò kan ló kọ sí pátákó: wọ́n ra ẹ̀rọ ní 2,000,000 sẹ́fà, ọdún 5 ni wọn yóò fi lò ó, iye kan náà ni wọ́n ń yọ lọ́dọọdún, èló ló kù nínú ìwé ní ìparí ọdún kejì? Ó ní kí kálukú kọ tirẹ̀, kó fi han ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ṣọ́ọ̀kì mú, ó dákẹ́. Mo rí i pé ìdákẹ́ yẹn ṣòro fún un. Ọmọ kan ní 1,200,000, òmíràn ní 1,600,000, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní 1,600,000 ló dìde, tó ní òun ti rí i, ọdún kìíní lòun ti dúró. Ọmọ yẹn kò tíì sọ̀rọ̀ rí ní kíláàsì náà.

Àríyànjiyàn yẹn, Yorùbá àti Ègùn ni wọ́n fi ṣe é. Faransé ni èdè ìjọba, òun ni a fi ń kọ́ni, òun ni ìdánwò. A jọ fẹnu kò pé kí àwọn ọmọ máa fi èdè tó bá yá wọn lẹ́nu jíròrò láàárín ara wọn, kí wọ́n wá fi Faransé sọ ohun tí wọ́n rí fún gbogbo kíláàsì. Àwọn kan nínú wa kọ̀ ọ́, wọ́n ní Faransé àwọn ọmọ kò ní le. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo jókòó sẹ́yìn, mo gbọ́ ọmọ Ìtàkété kan tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé gbèsè àti èrè fún ẹnìkejì rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó yé e dénú. Faransé tó sọ lẹ́yìn náà ní ohun tó gbé e dúró.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí jù lọ́dún yìí ni pé: bí àwọn ọmọ bá ń sọ̀rọ̀, ìgbà wo la ó parí iṣẹ́ ọdún? Mo máa ń tọ́ka sí ohun tí Scott Freeman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n kó ìwádìí 225 jọ lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, 33.8% àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kùnà; níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì, 21.8% ni. Èmi náà mọ̀ pé kíláàsì ibẹ̀ kò rí bíi tiwa, tí ọmọ mẹ́ta ń jókòó sórí àga ẹni méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a máa wo tiwa fúnra wa.

A tún gbìyànjú ohun kan tó ti Yunifásítì Washington jáde ní àwọn ọdún 1970. Láàárín ìdajì ọdún, olùkọ́ á jáde, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wọlé bi àwọn ọmọ ní ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kó yí padà. Ìdáhùn wọn ní ọ̀wọ̀ nínú, ó sì wúlò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí olùkọ́ sọ ohun tí ẹ̀kọ́ òní wà fún kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dùn mí lọ́dún yìí ni ti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń fi wákàtí sanwó fún, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní vacataire. Apá ńlá nínú ẹ̀kọ́ wa, èjìká wọn ló wà. Wọ́n á kọ́ni níbí láàárọ̀, wọ́n á gun zemidjan, alùpùpù akérò, lọ sí ibòmíràn lọ́sàn-án, owó wọn á sì pẹ́ kó tó dé. Wákàtí tí wọ́n bá fi jókòó bá ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń san án. Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ wá, wọn kò lè wá. Kò tọ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ìwé sí àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n ka wákàtí ìjíròrò yẹn mọ́ wákàtí iṣẹ́, n óò sì máa tẹnu mọ́ ọn.

Mo dé Kétu náà, mo gba Ìtàkété àti Pobè lọ. Ní 2013 ni ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu, ní 2016 ó sì di ara Université Nationale d'Agriculture. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ mú mi lọ sóko pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Olùkọ́ ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí lára ewé kó tó sọ orúkọ àrùn. Wọ́n gbà láti wá wo kíláàsì tiwa, kí àwa náà máa lọ wo tiwọn.

Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ti ní ibùdó fún irú iṣẹ́ yìí láti 1962. Tiwa kò ní yàrá. Ìwé kan ló ní àti bẹ́ǹṣì abẹ́ máńgòrò. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí a rí yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́, mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ tuntun ní ẹnìkejì láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ṣọ́ọ̀kì pàápàá. Bí ẹ bá ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí níbikíbi, tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, ẹ kọ ìwé sí mi, n óò fi bí a ṣe ń fa ìlà náà ránṣẹ́ sí yín.

Oṣù Kínní ni a ó tún bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì tèmi ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, àbúrò mi oníṣirò yẹn ló sì ń bọ̀ wá wò ó. Mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ kó bá mi wò fún un: àwọn ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, iye ìgbà tí mo pè wọ́n, àti bí mo ṣe dúró pẹ́ tó fún ìdáhùn wọn.