Ẹ Gbé Fèrè Wá Sẹ́nu, Ẹ Má Gbé Ẹnu Lọ Bá Fèrè

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń fọn trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, mo jókòó sẹ́yìn níbi tẹ́ ẹ ti ń dánra wò ní Bàrígà lọ́jọ́ Sátidé. Ohùn yín dùn. Àmọ́ nínú ẹ̀yin méje, ẹ̀yin mẹ́fà lẹ gbé fóònù sórí itan, tẹ́ ẹ doríkodò máa ka orin, tí fèrè yín dojú bolẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi délé. Ó pé ogún ọdún báyìí tí mo ti ń fọn fèrè, ohun tí mo rí lára yín yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀kọ́ kìíní: etí àga ni kẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ má fẹ̀yìn tì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Ìkejì: ọwọ́ òsì ló ń gbé fèrè, iṣẹ́ tọ̀tún ò ju kó máa tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta orí fèrè lọ. Irin bí ìwọ̀ tẹ́ ẹ ń ki ọmọńdinrín bọ̀ yẹn, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ òsì ṣí ìwé ló wà fún. Ìkẹta... ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ bó ṣe ṣe mí.

Yàrá kan ṣoṣo lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Ṣómólú. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mò ń tẹ́ ìwé orin sí, màá jókòó sórí àpótí, màá tẹ̀ kòlòbà bí ẹni ń fọṣọ. Téèyàn bá tẹ̀ báyẹn, ikùn á ká mọ́ra, èémí ò ní ráyè wọlé. Tí ohùn òkè bá wá kọ̀ tí ò jáde, ọmọńdinrín ni mo fi ń fa fèrè mọ́ ètè. Ó sì ń jáde! Àmì róbótó á wà létè mi di ọ̀sán, màá máa fi yangàn.

Ìkórè dé, èmi ni wọ́n ní kí n dá orin ọrẹ fọn. Ẹsẹ kìíní dáa. Ní ìkejì, ètè mi ti kú tipiri. Ní ìkẹta, mo fà á mọ́ ẹnu débi pé mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, atẹ́gùn lásán ló ń jáde, fùùù. Ìyá mi tó ń jó bọ̀ wá síwájú dúró láàárín ìjọ, àpòòwé ọrẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa dìde lójú gbogbo èèyàn, ó ní ètè mi ò ṣe é fi fọn fèrè. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lábẹ́ rẹ̀, kò sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Gbórí sókè." Ó ń dùn mí dòní. Ètè kọ́ ló ṣẹ̀: téèyàn bá fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè rìn níbẹ̀, ó máa kú ni. Louis Armstrong, gbajúmọ̀ afọnfèrè ọmọ Amẹ́ríkà tó wá fọn fèrè l'Ékòó lọ́dún 1960 náà fi títẹ̀ ṣe ètè ara rẹ̀ léṣe, ká má tíì sọ èmi.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu fèrè fífọn fáwọn ológun ló tún mi ṣe, ní Èbúté Mẹ́ta. Oṣù méjì, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fèrè. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ìwé orin ńlá lé mi níkùn, èémí mi gbọ́dọ̀ máa gbé e sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ̀yìn ti ògiri lórí ìdúró, gìgísẹ̀ àti orí ń kan ògiri, apá mi jìnnà síhà bí ẹni há ẹyin sábíyá. Ìgbà tí mo tún fẹ́ máa fa fèrè, ó fi rọ́bà owó so ọmọńdinrín mi mọ́ ìka tó tẹ̀ lé e.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, mò ń gbé irin ìgbéwèé mẹ́ta bọ̀, ẹ jẹ́ kó ga dé ojú yín. Kí fóònù wà nínú báàgì. Rọ́bà náà á wà lápò mi.