Ẹ Má Gbé Iná Padà Sórí Wáyà Tí Ẹ Kò Tíì Fẹsẹ̀ Rìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, oṣù yìí ni ó pé ọdún 26 tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí. N kì bá má ti kọ nǹkan kan, bí kò ṣe ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bíréékà, ẹ̀rọ tó ń gé iná, já sílẹ̀ lọ́sàn-án lórí fídà kan, ìyẹn wáyà ńlá tó ń pín iná kiri, ọyẹ́ ń fẹ́, ọ̀kan nínú yín sì pe ẹni tó wà nídìí bíréékà náà lórí fóònù pé, "Ẹ gbé e padà, bó bá ti dúró, kò síṣòro." Àyà mi já, nítorí gbólóhùn yẹn gan-an ni ó ti ẹnu èmi náà jáde ní oṣù Ṣẹẹrẹ kan tí n kò lè gbàgbé.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí òjò tó dáwọ́ dúró ni kí ẹ ti ṣán abẹ́ wáyà, kì í ṣe ìgbà tí koríko bá ti gbẹ. Èkejì ni pé òpó tó bá ti ń tẹ̀, ẹ má fi okùn fà á kí ẹ sì máa lọ. Ẹ̀yin náà mọ ìwọ̀nyí. Ẹ̀kẹta, pé kí ẹ má gbé iná padà sórí wáyà tí ẹ kò tíì fẹsẹ̀ rìn, ni ó ná mi ní nǹkan.

Èmi ni mo jẹ́ olórí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wáyà 33kV, ìyẹn fóòtì ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó gba ọ̀nà Ìkòyí lọ, tó la àárín oko kajú kọjá, ni bíréékà rẹ̀ já sílẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ọ̀gá wa pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé owó iná tó yẹ kí a pa lóṣù náà kò tíì pé, pé kí n má fi iná ṣòfò. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Ó dúró, inú mi sì dùn. Àwọn kan pè wá láti ìlú pé iná àwọn rẹlẹ̀ gan-an, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ìpè yẹn ni ìkìlọ̀ tí mo rí gbà, mo sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wáyà kan ti já níbi tí a ti so ó pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì nà gbalaja sórí koríko. Ilẹ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ débi pé iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kéré, ẹ̀rọ tó yẹ kó já bíréékà sì kà á sí iná tí àwọn ilé kan ń lò lásán. Nítorí náà, bí bíréékà bá dúró, kò túmọ̀ sí pé ara wáyà dá. Kò tó wákàtí kan tí màjàlà fi bà lé apá ẹ̀wù funfun mi ní àgbàlá ibi iṣẹ́. Oko kì í jó kí màjàlà má ṣòfófó. Nígbà tí a débẹ̀, wáyà náà ṣì ń ta pàràpàrà nínú eérú, iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti yọ́, ó dì bí ìgò dúdú. Oko opó kan ni, kajú tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn gbìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó. Màmá náà kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó já ni?"

Ìwé tí wọ́n kọ nípa iná oko náà sọ pé àwọn ọdẹ ló tiná bọ igbó. Mo fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba láti béèrè wáyà tó já lọ́wọ́ wa, ọ̀gá tó ń pè mí sì gba ìgbéga lọ́dún náà. Títí di òní, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo kà nípa iná ọjọ́ 7 oṣù Èrèlé ọdún 2009 ní Victoria, ní Ọsirélíà. Ènìyàn 173 ni ó kú. 119 nínú wọn kú sínú iná Kilmore East, tó bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà kan tó já. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ dámọ̀ràn pé ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ewu iná bá pọ̀ jù, kí wọ́n dá ẹ̀rọ tó ń dá iná padà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ lórí irú wáyà oko bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì sunkún, nítorí èmi ni mo ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní California, ìkọ́ irin kan tó ti jẹ tán lórí ìlà wáyà iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó já ní ọjọ́ 8 oṣù Bélú ọdún 2018. Ìlú Paradise jó, ènìyàn 85 kú, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná PG&E sì gbà nílé ẹjọ́ ní ọdún 2020 pé òun jẹ̀bi ikú 84. Òfin ibẹ̀ ti wá mú un ní dandan kí ilé iṣẹ́ iná máa gbé ètò ìdènà iná kalẹ̀, ọ́fíìsì kan sì wà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣe é lóòótọ́. Wọ́n tún máa ń pa iná bí afẹ́fẹ́ bá le, èyí tó ń ni àwọn aláìsàn tó ń fi ẹ̀rọ gbé ẹ̀mí ró lára, n kò sì ní kí a kọ́ ọ láìronú. Èyí tí mo fẹ́ kí a mú ni ẹni tó ń lọ wò ó pẹ̀lú ojú.

Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láàyè láti ní àjọ tirẹ̀ tí yóò máa darí iná. Kí àjọ ìpínlẹ̀ wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti oṣù Bélú títí di Ẹrẹ́nà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé iná padà sórí wáyà tó gba oko kọjá láìjẹ́ pé a ti rìn ín. Bí ìwé bá sọ pé ọdẹ ló dáná, kí àwòrán wáyà àti òpó ibẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí àwọn àgbẹ̀ náà sì ní nọ́ńbà tí wọn yóò pè, tí ẹnìkan yóò sì gbé e.

Kí òfin náà tó dé, ní ọjọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, èmi yóò wà lójú ọ̀nà Ìkòyí, níbi tí oko kajú ti bẹ̀rẹ̀. A ó rìn láti òpó sí òpó, a ó sì ka gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀. Ẹ wọ bàtà tó nípọn, kí ẹ sì mú omi lọ́wọ́.